Ọjọ́ Mẹ́fà ní Oko Ìyá Sùwébátù

Mo sanwó yàrá kan fún ọjọ́ mẹ́fà,
mo ní mo fẹ́ lọ sinmi.
Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Pòkà, ọ̀kadà gbé mi wọ igbó,
báàgì mi lórí itan, bàtà mi funfun bí ìyẹ́ lékeléke.
Ìyá Sùwébátù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà oko, àdá lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó wo bàtà náà. Kò sọ nǹkan kan.
"Ẹ káàbọ̀, àlejò," ló wí,
ó sì pa awó kan fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo rò pé oko máa ń dákẹ́.
Ta ló parọ́ yẹn fún mi ná?
Kí ojúmọ́ tó là, àkùkọ mẹ́ta ti ń du
ẹni tí ilẹ̀ yóò tẹnu rẹ̀ mọ́,
ewúrẹ́ ń ha ara mọ́ ògiri yàrá mi,
ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ ń sín
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ aáṣáà fífín.
Mo yọjú. Èmi ni mo jí kẹ́yìn.
Ọmọ Sùwébátù, tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún,
ti pọn omi agolo méjì dé.

"Ẹ jókòó, àlejò. Ẹ jẹun. Ẹ máa wo igi."
Mo jókòó. Mo jẹun. Mo wo igi.
Igi náà ò ṣe nǹkan kan.
Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìdí ń ro mí,
mo ní kí wọ́n fún mi lọ́bẹ, kí n bá wọn bó ẹ̀gẹ́.
Àwọn obìnrin mẹ́rin tó yí òkìtì náà ká
wo ìka mi, wọ́n wo ara wọn.
Kí n tó bó ọ̀kan tán, wọ́n ti bó mọ́kànlá.
Tèmi sì ti tín-ín-rín débi pé Kafáyá bi mí
bóyá pákò ni mo fẹ́ fi ṣe.
A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà kò ní ẹ̀gún.

Òru ọjọ́ kẹrin, òjò dé láti ìhà ọ̀sà,
òjò tí kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo gbọ́ igbe, mo sáré jáde tòun taṣọ oorun:
etí adágún ẹja ti ya,
àrọ̀ ń wọ́ jáde sínú koríko,
dúdú, dídán, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí apá ọmọdé.
Ìyá Sùwébátù wà nínú omi dé àyà.
"Mosúnmọ́lá!" ló pè,
orúkọ tí kò pè rí láti ìgbà tí mo ti dé,
"Mosúnmọ́lá, kí lò ń wò? Gbé agbọ̀n wá!"
"Ẹ" ti bá àgbàrá lọ. Àlejò ti bá a lọ.

Mo gbé agbọ̀n. Mo ṣubú. Mo mú ẹja, ó ta mí lọ́wọ́,
mo tún un mú.
Bàtà funfun, mi ò mọ ibi tó rì sí.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kà wọ́n:
ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ ló kù nínú ẹgbẹ̀rin.
Kò sẹ́ni tó sunkún. Ó fi omi bọ́jú,
ó ní, "Ó yá, ẹ̀gẹ́ ń dúró dè wá."

Ìdí ẹ̀gẹ́ náà ni Kafáyá ti sọ ọ́ fún mi,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀dá,
pé àwìn ni wọ́n ra awó ọjọ́ àkọ́kọ́,
wọn kò sì tí ì san án.
Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè,
ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.
Èmi ni àlejò. Mo ṣì wà níbẹ̀, mo ń bó ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ kẹfà, mo na owó sí i. Ó kọ̀ ọ́.
Mo ki owó bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo lọ wẹ̀,
mo rò pé mo gbọ́n.
Nígbà tí mo dé Súrùlérè, tí mo tú báàgì,
owó náà wà nísàlẹ̀ gaàrí tó dì fún mi,
ó fi ọ̀rá wé e pẹ̀lú àrọ̀ yíyan mẹ́ta.
Ọ̀kan nínú wọn, mo fẹ́ẹ̀ lè búra,
ni èyí tó ta mí lọ́wọ́.
Mo jẹ méjì.